Bí Mo Ṣe Yọ Fóònù Kúrò Nínú Gèlè Àwọn Obìnrin Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé láti Àjàṣẹ́. Àwọn tó ní n kò ní í pẹ́ sá padà torí pé n kò gbọ́ Faransé, kí wọ́n wá wò mí dáadáa: mo sanra lọ, mo tún sanra bọ̀. Ohun tó gbé mi lọ, mo ṣe é yọrí. Bí ẹ bá rí i pé mo ń fọ́nnu nínú ohun tí mo kọ yìí, ẹ jẹ́ kí n máa fọ́nnu mi lọ. Ó tọ́ sí mi.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yín ní Físíìsì l'Ábẹ́òkúta níbí kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn aláìgbọràn nínú wọn ṣì ń pè mí ní Ìyá Físíìsì lójú títì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sìkírátù, ni mo lọ wò. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti bá ọkọ lọ sí Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn oníròyìn ń pè ní Porto-Novo. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ẹ̀rọ ìránṣọ kan péré ló fi sílẹ̀ fún un. Ó jókòó ti ẹ̀rọ yẹn, ó ń fi òwú ṣe ọnà sí ọrùn agbádá àti bùbá, títí ẹ̀rọ fi pọ̀, títí àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi kún ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wà níbí, wọ́n wà n'Íbàdàn, wọ́n wà l'Ékòó. Orí fóònù ni wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ fún un.

Lójijì, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Mo pè é láàárọ̀, mo pè é lálẹ́, pàbó ni. Ìgbà tó yá ni awakọ̀ tó máa ń bá a kó aṣọ wá fún àwọn oníbàárà kan ilẹ̀kùn mi.

"Màmá, ẹ̀gbọ́n yín ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò lo fóònù mọ́. Wọ́n ní ó ti ń se àwọn lọ́pọlọ. Wọ́n fẹ́ ta àwọn ẹ̀rọ yẹn, kí wọ́n máa lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Kútọnu."

Ó ń se wọ́n lọ́pọlọ! Bí ẹni ń se ẹyin! Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí pọ̀ mọ́ ọn. Mo di ẹrù mi.

Ẹnubodè

N kò ní í fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti eruku dá yín lágara. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé nígbà tí a kọjá Ìgòlò tó wà lẹ́nubodè, ilẹ̀ kò yí padà, igi kò yí padà, ẹnu àwọn èèyàn ló yí padà. Ọkùnrin tó ń yẹ ìwé wò bi mí ní nǹkan lédè Faransé. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ tó mọ́ tónítóní. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá fi Yorùbá kí mi.

"Màmá, ẹ kú ìrìn o. Ṣé Nàgó ni yín?"

"Rárá o, Ẹ̀gbá ni mí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbá náà, Nàgó ni níbí, Màmá; gbogbo Yorùbá là ń pè bẹ́ẹ̀. Bọ̀n, ẹ máa lọ. Ọlọ́run á ṣọ́ yín."

Bí mo ṣe di Nàgó nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi mí bóyá mo fẹ́. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú díẹ̀. Nígbà tó ṣe, inú mi dùn sí i, torí bí àlejò ni mo ṣe múra wá, àwọn sì ti kà mí mọ́ ọmọ ilé.

Ọlọ́kadà ló gbé mi wọ inú ìlú. Sémìjàn ni wọ́n ń pe irú wọn níbẹ̀. Ọkùnrin yìí ti ki fóònù bọ àárín akoto rẹ̀ àti etí. Ó ń fi èdè Gùn bá ẹnì kan jà lórí fóònù, ó ń fi Yorùbá rọ̀ mí pé kí n má bẹ̀rù, ó sì ń fi Faransé bú àwọn tó dí i lọ́nà. Mo gbá a mú lẹ́yìn, mo ń ṣe làílà lábẹ́ ahọ́n. Ọpọlọ tiẹ̀ ṣá pé, torí kò ṣi ọ̀nà.

Omi ló ṣáájú ọ̀rọ̀

Àdúgbò Akron ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, nínú àgbàlá kan tí àwọn ilé kọjú síra wọn yí ká. Obìnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń to àkàsà tí wọ́n fi ewé pọ́n sínú agbọ̀n. Ìyá Mùnírù ni. Òun ni aládùúgbò ẹ̀gbọ́n mi tó sún mọ́ ọn jù, òun náà sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ó fún mi ní àpótí kí n jókòó, ó sì bu omi wá.

"Ẹ káàbọ̀, Tántì. Omi rèé."

"Ẹ ṣé, Màmá. Òùngbẹ ò gbẹ mí. Ẹ̀gbọ́n mi dà?"

 Ẹni tó ń fọ aṣọ dáwọ́ dúró. Ìyá Mùnírù kò bínú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé omi náà kúrò. Ó fi ẹnu kàn án, ó mu díẹ̀ níbẹ̀ kí n lè rí i pé kò sí nǹkankan nínú rẹ̀, ó tún nà án sí mi.

"Ẹ mu omi, Tántì. Níbí, ẹni tó bá ti ọ̀nà dé, omi la kọ́kọ́ ń fún un. Ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ojú tì mí. Mo gba omi, mo mu ún tán, ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé òùngbẹ ti fẹ́ẹ̀ pa mí. Bí mo ṣe gbé kóòpù sílẹ̀ báyìí ni gbogbo wọn rọ́ dé: ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, Abẹ́òkúta ńkọ́. Ẹni tó ń fọ aṣọ pàápàá nu ọwọ́ rẹ̀ wá kúnlẹ̀. Àwọn èèyàn yìí mọ̀ ọ́n kí! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá àlejò dúró sẹ́nu géètì, ẹ gbọ́ o.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ariwo, ó jáde. "Fàúsá! Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti kú, tóo fi sáré wá báyìí?"

Mo kúnlẹ̀, ó fà mí dìde, a di mọ́ra wa. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín ni, ẹkún ló bọ́ lẹ́nu mi. Ó ti rù.

Fóònù inú ìkòkò

Ó mú mi wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ bo gbogbo ẹ̀rọ. Ilé iṣẹ́ tí ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń dí mi létí lórí fóònù tẹ́lẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo bi í pé fóònù rẹ̀ dà. Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ìdí ògiri lẹ́yìn àgbàlá, níbi tí ìkòkò irin ńlá kan wà tí wọ́n fi ọmọrí dé. Inú rẹ̀ ni fóònù wà. Abájọ tí kò fi lọ! Irin kì í jẹ́ kí ìgbì rédíò kọjá bọ̀rọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣe ọnà kò lè yọ ọwọ́ kúrò lára aṣọ láàárín ọnà. Bó bá yọ ọ́, ìlà ọnà á wọ́, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Torí náà, bí oníbàárà bá pè, àwọn obìnrin yìí á ki fóònù bọ abẹ́ gèlè, á há mọ́ etí pinpin, wọn á máa sọ̀rọ̀, wọn á máa ránṣọ. Àwọn télọ̀ ń ṣe é, àwọn tó ń ta ata ń ṣe é, àwọn tó ń pọ́n àkàsà náà ń ṣe é. Bí ọmọbìnrin bá wọnú iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń wé gèlè tí fóònù kì í yọ́ bọ́ wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ.

Ti ẹ̀gbọ́n mi tún yàtọ̀. Nítorí àwọn oníbàárà rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa, síìmù káàdì Nàìjíríà ló ń lò. Ó jókòó sí Àjàṣẹ́, fóònù rẹ̀ ń wá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà ní òdìkejì ẹnubodè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wá, á tún lọ. Láàárọ̀ dalẹ́ ni fóònù yìí ń gbóná mọ́ ọn létí. Orí wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, kò sì lọ bọ̀rọ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni télọ̀ obìnrin kan kú ní àdúgbò kejì, wọ́n ní orí fífọ́ ló pa á. Níbi tí wọ́n ti lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀, ẹnì kan ní pọtábù, bí wọ́n ṣe ń pe fóònù níbẹ̀, ló se é lọ́pọlọ. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Akron ti gbọ́.

Ráfíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, gbọ́ náà. Ọmọ dáadáa ni, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ó ní kí ìyá òun ti ṣọ́ọ̀bù, kó wá máa sinmi lọ́dọ̀ òun. Ó ti bá a rí ẹni tó fẹ́ ra àwọn ẹ̀rọ. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ni ẹni náà ń bọ̀ wá kó wọn.

"Ṣé o fẹ́ lọ ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó fọwọ́ pa aṣọ tó bo ẹ̀rọ rẹ̀. "Fàúsá, ibí ni mo ti di èèyàn. Bí mo bá jókòó sílé Ráfíù, ìyá Ráfíù lásán ni mí. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kú torí agbádá?"

 Láti kékeré, n kò rí i kí ẹ̀rù ba ẹ̀gbọ́n mi rí.

Ẹ̀kọ́ tó dà nù

Ẹ ò ní í retí pé èmi, Ìyá Físíìsì, á dákẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí a ṣe ń jẹ àkàsà pẹ̀lú ẹja díndín àti ata tútù tí wọ́n gún mọ́ àlùbọ́sà, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò nínú àwo, mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. (Àkàsà yẹn o! Ó rọ̀, ó tutù, ó kan díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀kọ tiwa kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú bínú.) Mo sọ̀rọ̀ ìgbì, mo sọ̀rọ̀ agbára, mo sọ̀rọ̀ frikúẹ́ńsì. Mo yàwòrán sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rò pé mo ń ṣe bẹbẹ.

Ìyá Mùnírù fetí sílẹ̀ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ títí mo fi parí. "Tántì, ọ̀rọ̀ yín dùn o, mèsì. Ṣùgbọ́n ṣé ó ń pa ni àbí kì í pa ni?"

Mo ní àwọn onímọ̀ ti ń wádìí rẹ̀ tipẹ́, wọn ò tíì rí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń fa àrùn, àmọ́ wọ́n ṣì ń wádìí.

Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ gbọ́, òun náà ò mọ̀."

Wọ́n kẹ́dùn fún mi, wọ́n fi ẹja kún àwo mi. Mo jẹ ẹ́, inú mi kò dùn.

Òpìtálì

Lọ́jọ́ kejì, mo ní orí tó ń fọ́ kò mọ físíìsì, ẹ jẹ́ ká lọ sí òpìtálì. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ́ra, torí ó ń bẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ. Mo wọ́ ọ dé ibẹ̀. Dókítà obìnrin kan dojú Faransé kọ mí, ó rò pé èmi tí mo gbé báàgì tó le ni mo máa gbọ́ ọ. Mo ń mi orí bí alángbá. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò jókòó ní kíláàsì rí ló ń túmọ̀ fún mi. Àjò ò mọ tíṣà!

Dókítà náà yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, ó bi í léèrè títí. Ó ní òun kò rí àmì kankan tó ń dẹ́rù ba òun. Lẹ́yìn náà ló gba awò ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó bi í pé ìgbà wo ló ti ń lò ó.

"Ọkọ mi ló rà á fún mi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kí Ọlọ́run kẹ́ ọkọ náà, kí ẹ̀gbọ́n mi lọ ra òmíràn. Ó ní ojú rẹ̀ ló ń tiraka lórí òwú tín-ín-rín láàárọ̀ dalẹ́, ìyẹn ló ń fọ́ ọ lórí. Wọ́n yẹ ojú náà wò, a lọ gba lùnẹ́tì tuntun ní àdúgbò Houinmè. Bó ṣe gbé e sójú, ó wò mí, ó ní, "Háà, Fàúsá, o ti dàgbà o!" A rẹ́rìn-ín débi tí ẹni tó ń ta lùnẹ́tì fi bá wa rẹ́rìn-ín.

Kó tó di ọjọ́ Àìkú, orí rẹ̀ ti fúyẹ́. Ṣùgbọ́n fóònù ṣì wà nínú ìkòkò. "Orí ti dára, àlùhámúdùlílà," ló ń wí. "Etí mi tó ń gbóná ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe lùnẹ́tì." Ẹ̀rù kì í gbọ́ Faransé, kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí rédíò sọ

Ọjọ́ Àìkú dé. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin péjọ sí àgbàlá láti ṣe àdúrà ìdágbére fún ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá Mùnírù gbé rédíò rẹ̀ kékeré sórí tábìlì, àlùfáà kan ń wàásù nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Lójú ẹsẹ̀, ìwàásù dàrú: tìtìtì-tìtìtì-gíríí! Ẹ mọ ariwo yẹn, gbogbo wa ló ti gbọ́ ọ rí.

"Ta ló gbé pọtábù sún mọ́ rédíò mi?" ni Ìyá Mùnírù pariwo. "Ẹ fẹ́ bà á jẹ́ ni? Ẹ gbé e kúrò!"

Obìnrin náà ní kó má bínú. Ó gbé fóònù náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, ó tì í bọ abẹ́ gèlè, ó ní, "Àlóò?"

Mo fò dìde. Mo pariwo débi tí àkàsà ẹnì kan fi bọ́ sílẹ̀. "Ẹ dúró! Ẹ máa wò ó! Ẹ̀ ń gbé e sá fún rédíò, ẹ̀ ń gbé e lọ sórí!"

Mo ṣí ìkòkò, mo yọ fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Fóònù oníbọ́tìnnì ni, iná rẹ̀ kò tíì tán, ó sì gba káàdì méjì. Mo fi káàdì Nàìjíríà pe fóònù tèmi, mo gbé e sún mọ́ rédíò: ó ké bí ẹni tí wọ́n ń fà létí. Mo sún un sẹ́yìn ní ìwọ̀n apá kan: ó ń kùn. Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà: àlùfáà ń wàásù lọ bí ẹni pé kò sí nǹkankan. Mo tún fi káàdì ìlú wọn pe, èyí tí òpó rẹ̀ wà nítòsí. Mo gbé e sún mọ́ rédíò bíi ti àkọ́kọ́. Kò ké tó bẹ́ẹ̀ rárá.

"Kí ló dé?" ni wọ́n ń bi ara wọn.

"Bí ẹni tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ṣé ẹ máa pariwo?" ni mo bi wọ́n. "Bó bá wà ní òdìkejì ọ̀sà ńkọ́? Òpó Nàìjíríà jìnnà, fóònù ń fi gbogbo agbára pariwo kí òpó lè gbọ́. Ariwo yẹn ni ẹ wé mọ́ gèlè."

Ìyá Mùnírù dìde. Ó tún bi mí ní ìbéèrè rẹ̀: "Ṣé ó ń pa ni?"

Lọ́tẹ̀ yìí, n kò sọ̀rọ̀ frikúẹ́ńsì. "Kò se ọpọlọ ẹnikẹ́ni, Màmá. Nígbà tí fóònù bá wà létí, orí ń gba díẹ̀ nínú ìgbì rẹ̀, ibẹ̀ á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ń jó yín létí, ooru bátìrì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ tún fi gèlè bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò tíì rí i dájú pé ó ń pa ni. Ṣùgbọ́n rédíò yìí náà kò tíì kú, ẹ sì ń ṣọ́ ọ. Ṣé rédíò ṣọ̀wọ́n ju orí lọ ni?"

 Ìyá Mùnírù fọwọ́ kan gèlè rẹ̀, ó fa fóònù jáde níbẹ̀. Ó wò ó, ó wo rédíò, ó bú sẹ́rìn-ín débi tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìgbà náà ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí gèlè láti ìhín láti ọ̀hún, fóònù ń jáde bí ẹyin lábẹ́ adìyẹ. Ẹ̀yin ará ilé, ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, kíláàsì kankan kò gbọ́ mi yé tó bẹ́ẹ̀. Orí mi wú!

Kí n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ti rán àpò aṣọ tó ní ọnà, wọ́n fi kọ́ sára ògiri níwájú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n apá kan sí etí. Inú rẹ̀ ni fóònù ń wà, wọ́n á jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta. Àléébù ibẹ̀ ni pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó báyìí. Wọ́n ní ìyẹn gan-an ló dùn jù.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ẹ̀rín kò tíì tán nílẹ̀ nígbà tí fóònù ẹ̀gbọ́n mi dún lọ́wọ́ mi. Ráfíù ni. Mo nà án sí ìyá rẹ̀. Gbogbo wa ń wo ibi tó máa gbé e sí. Kò gbé e sétí, kò sì dá a padà sínú ìkòkò. Ó gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e sórí fèrèsé, ó tẹ ohùn rẹ̀ síta.

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ni Ráfíù wí, gbogbo àgbàlá sì ń gbọ́ ọ. "Ẹni tó fẹ́ wá kó àwọn másìnì ti dé ìkóríta yín. Ṣé ẹ ti gbé wọn síta?"

Ẹ̀gbọ́n mi fa aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó jókòó tì í, ó tún lùnẹ́tì rẹ̀ ṣe, ó sì ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ráfíù, ọmọ mi, sọ fún un pé kó máa bọ̀," ló wí. "Bó bá ní agbádá tó fẹ́ ṣe ọnà sí, kó mú un dání."